Àwọn Òjé Tí Mo Fọ̀

Ọjọ́ Ajé, 4 Mááṣì 1957
Yétúndé ọmọ ọmọ mi bí obìnrin ní Iyere. Mojí àbúrò rẹ̀ ti fẹ́ Láníyì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ mi — Akínwọlé ọmọ ọmọ mi ni mò ń pè bẹ́ẹ̀ — ti gbé Agatha níyàwó wálé láti Imoru. Nínú gbogbo Ọ̀wọ̀, Ọkọ mi nìkan ló ń ṣe òjé inú bátìrì mọ́tò. Mo sọ ọ́ ní kíláàsì tí àwa àgbà ti ń kọ́ ìwé títí Ìbílọlá fi ní, "Ìyá Àgbà, a ti gbọ́, ó tó gẹ́ẹ́." Ìlara ni.

Ọjọ́rú, 6 Mááṣì
Ó yọ́ òjé, ó dà á sínú irin tó fi ń mọ ọ́n, ó jáde bí asẹ́. Ó wá fi ẹrẹ̀ pupa kan dí gbogbo ihò rẹ̀. Ẹrẹ̀ yẹn, ó ní, ló ń gba iná bátìrì dúró. Ó fi àpò tútù bò wọ́n. "Màmá, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí di Sátidé o." Ọkọ̀ Jìbírílù onílọ́rì ló ń ṣe é fún. Bí èyí bá dára, iṣẹ́ bátìrì gbogbo ọkọ̀ Jìbírílù di tirẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 8 Mááṣì
Tíṣà wa àti ará kíláàsì ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ náà lọ́la. Mo ṣí àpò. Ẹrẹ̀! Bí ohun tí wọ́n fà yọ nínú àbàtà. Kí àlejò bá ẹ̀gbin nílé tèmi? Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrànmọ́ — èmi kì í ṣe ọ̀bùn. Kànrìnkàn, eérú, ọṣẹ dúdú. Mo ha gbogbo ihò rẹ̀. Wọ́n ń dán bí àwo Oúnjẹ Olúwa.

Àbámẹ́ta, 9 Mááṣì
Ọkọ mi gbé ọ̀kan sókè. Mo rí ojú rẹ̀ láti inú ihò. "Ta ló fọ̀ wọ́n?" Agatha ń fọṣọ lọ́wọ́, ọṣẹ kún ọwọ́ rẹ̀. "Ìwọ ni, àbí? Ṣé bí àwọn Sísítà Kátólíìkì ṣe kọ́ ẹ nìyẹn, kí o fọ oúnjẹ mi dànù?"
Agatha wò mí. Òun ló bá mi pọn omi tí mo fi fọ̀ wọ́n lánàá. Mò ń ṣa ẹ̀wà. Mo tún ṣa ẹ̀wà.
"Ẹ má bínú," ni Agatha sọ.
Àlejò dé. Ìbílọlá ní, "Ìyá Àgbà, ẹ mà ní sùúrù o, pẹ̀lú ìyàwó afọwọ́-ba-nǹkan-jẹ́ yìí!" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnu mi ló sọ ọ́.

Ọjọ́ Ìsinmi, 10 Mááṣì
N kò gba Oúnjẹ Olúwa. Mo ní inú ń run mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Mááṣì
Jìbírílù ti gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ oníbátìrì mìíràn ní Àkúrẹ́. Agatha ti padà sílé bàbá rẹ̀. Àgbà wà lọ́jà, orí ìyàwó wọ́.

Ọjọ́bọ̀, 14 Mááṣì
Mo sọ fún Ọkọ mi. Mo rò pé yóò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Màmá, mo bú u lójú yín. Ẹ ń ṣa ẹ̀wà."

Ọjọ́ Ẹtì, 15 Mááṣì
Mo dìde ní kíláàsì, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ìbílọlá ló fa àga fún mi kí n jókòó — ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ẹnu tí ìgbín fi bú òrìṣà, òun ló fi ń wọ́lẹ̀ lọ bá a.
Ọkọ mi ń lọ bẹ ìyàwó rẹ̀ ní Imoru lọ́la. Owó òjé tuntun ń bá a lọ, ọwọ́ Agatha ni kó fi lé. Agatha ni kó rà á wálé, òun ni kó fi àpò bò ó, kó sì lé mi kúrò nídìí rẹ̀. Owó aṣọ Àjíǹde mi ni: pọ́n-ùn mẹ́rin, ṣílè mẹ́fà.