Orúkọ Tí Ẹnu Mi Kò Lè Pè

Zahrah,

Èmi ìyá àgbà rẹ ni mo sọ ara mi di ẹlẹ́yà láàárọ̀ yìí. Lọ́yà tó wà ní Táíwò Road ní kí n dárúkọ àwọn tí yóò máa pinnu ọ̀rọ̀ fún mi bí mo bá ṣarán. Mo ní, "Zahrah ọmọ ọmọ mi, àti Ìbàdíàrán àbúrò ọkọ mi." Ó ní orúkọ àbísọ lòun ń bèèrè. Orúkọ tí n kò pè rí láti ọjọ́ tí mo ti ṣe ìyàwó wọ ilé yìí. Mo rẹ́rìn-ín títí àga fi ń ké lábẹ́ ìdí mi.

Káàdì ìdánimọ̀ Ìbàdíàrán rèé. Mú un lọ pẹ̀lú tìrẹ, kí o bá mi pe orúkọ náà fún lọ́yà. Mo ti lọ ra iṣu ní ọjà Ipata.

Bí bàbá rẹ bá fajú ro pé n kò dárúkọ òun, sọ fún un pé Ìbàdíàrán nìkan ló lè bi dókítà ní ìbéèrè tí gbogbo wa ń sá fún nígbà àìsàn bàbá àgbà. Ìwọ nìkan lo sì máa ń sọ fún mi pé ọbẹ̀ mi níyọ̀ jù. Mo fi yín yangàn títí lọ́yà fi gbé bírò sílẹ̀.

Nígbà tí Ìbàdíàrán ń fún mi ní káàdì yìí, ó wò mí, ó ní, "Ìyàwó, bó bá jẹ́ èmi ni mo kọ́kọ́ ṣarán ńkọ́?"