Ìjọba Wá Béèrè Ohun Tí Ọ̀ṣúnwùmí Dà

Ọ̀ṣúnwùmí ọmọ mi,

Èmi bàbá rẹ, Ògúnlànà, olórí agbo ilé, ẹni tó ń wọlé tí àwọn àgbà ń dìde, ni mo fọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí láti Ẹdẹ. Ṣé Èkó ń ṣe ọ́ jẹ́jẹ́? Kí Ọ̀ṣun tó fi ọ́ ta wá lọ́rẹ máa bá wa ṣọ́ ọ, kí omi tútù má wọ́n ọ. A wà ńbí, ó kàn rẹ̀ wá ni. Òjò ò rọ̀ dáadáa, ẹ̀gẹ́ ò ta, ẹsẹ̀ tó ń dùn mí sì ti pe ìkejì ẹ̀ mọ́ra.

Ìjọba wá sílé wa lọ́jọ́rú. Ọmọkùnrin kan ni wọ́n rán, Jibril lorúkọ ẹ̀, ó gbé fóònù kan tó fẹ̀ tó abọ́ lọ́wọ́. Ó ní ìjọba fẹ́ mọ ohun tí àwọn ọmọ tó jáde ní Poli ti dà. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, èmi tí mo rán ọ lọ pàápàá, ó wù mí kí n mọ̀.

Àmọ́ kí n tó ti oko dé, Àdùnní ìyàwó mi kékeré ló ti ń dá a lóhùn. Ó bi í pé kí lorúkọ ọmọ tó kàwé nílé yìí, Àdùnní ní Ìbàdíàrán. O ṣáà mọ̀ pé wọ́n ti bí ọ kó tó wọlé ọkọ, kò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ. Jibril wá Ìbàdíàrán títí nínú fóònù, kò rí i, ló bá kọ ọ́ pé kò sẹ́ni tó kàwé nílé wa. Mo bá a fa wàhálà gan-an kó tó pa á rẹ́.

Ó wá bi mí pé iṣẹ́ wo lò ń ṣe. Mo ní iṣẹ́ gidi. Ó ní ẹ jọ̀ọ́ bàbá, kò sí iṣẹ́ gidi nínú èyí tí àwọn kọ síbí, ṣé iṣẹ́ ìjọba ni, àbí ti aládàáni, àbí ó ń ṣe tara ẹ̀, àbí kò ríṣẹ́. Mo ní kó tẹ gbogbo ẹ̀, ìkan á ṣáà bá a mu. Ó ní ẹyọ kan ni fóònù ń gbà. Mo bi í pé tó bá tẹ kò ríṣẹ́, ṣé ìjọba á gba ìwé ẹ̀rí rẹ padà ni? Ó rẹ́rìn-ín, èmi ò rẹ́rìn-ín. A pè ọ́, o ò gbé e. Ló bá kọ ọ́ pé ẹbí ò mọ̀, ó bá tiẹ̀ lọ.

Ọmọ mi, bá mi fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kí n fi ra oògùn ẹsẹ̀, àti bàtà bọ́ọ̀lù. Wàá ṣoríire, wàá jèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi, bàtà yẹn ti tú mi fó. Ẹ má bínú. Bàbá ò rán mi níṣẹ́ kankan, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé mò ń kọ ọ́. Àmọ́ gbogbo ohun tí mo sọ nípa Jibril, bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá béèrè yín, Bàbá á ní ẹ ń ṣe dáadáa l'Ékòó. Báyìí, wọ́n á kàn ní kí onítọ̀hún lọ bi ìjọba, wọ́n á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ lẹ̀ ń gbá, ẹ sọ fún wọn. Wọn ò ní tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù kankan.

Èmi àbúrò yín,
Ṣàngóyẹmí