Òwe Mẹ́ta Tí Tonye Pa Láìtọrọ Gáfárà

Tẹjú ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Pọtakọ́ọ̀tù? Òjò ibẹ̀ tí kì í dá kò ní mú ọ ṣàìsàn. Ara ìyá rẹ le, àfi orúnkún. Iṣu kò ta lọ́dún yìí. Ó rẹ̀ mí, n kò ní purọ́ fún ọ.

Mo rí lẹ́tà rẹ. O ní Tonye rò pé torí pé ọmọ Abuloma ni òun, tí kì í ṣe Yorùbá, ni mo ṣe pa fóònù mọ́ òun lẹ́nu. Irọ́ ni. Ẹja tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́, a jẹ ẹ́ tán, a tún lá ọwọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Lọ́jọ́ tí Tonye fẹ́ fi fóònù tọrọ rẹ, mo pe àwọn àgbà, a gbé obì síwájú fóònù, Faruk tó máa ń bá wa ṣáájì rẹ̀ yí ohùn fóònù náà sókè, Tísà Akínfẹ́nwá sì ń túmọ̀ òyìnbó. Tonye ní òun kò ní máa lu ẹ̀gbẹ́ igbó kiri. Tísà ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé yóò sọ ojú abẹ níkòó. Ó dára. Ó ní iṣẹ́ le, ṣùgbọ́n orí òun ṣì wà lókè omi. Tísà ní ó ń rí jẹ níwọ̀nba. Ó dára. Ó ní òun kò ní sọ ọ́ kalẹ̀ láé. Tísà ní kò ní já ọ kulẹ̀ ni. Òwe mẹ́ta gbáko níwájú àwa olórí ewú, kò sọ “tótó, ó ṣe bí òwe” lẹ́ẹ̀kan! Bàbá Adébíyìí mú fìlà rẹ̀, ó ní ẹni tó ń fẹ́ ọmọ mi ti dàgbà ju gbogbo wa lọ, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kí ni kí n ṣe? Mo pa fóònù.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi bínú. Àná ni mo bi Tísà pé ta ni òyìnbó máa ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó pa òwe. Ó ní kò sẹ́ni. Mo ní àgbà wo ló ń dá a lóhùn. Ó ní kò sẹ́ni, wọ́n kàn ń sọ ọ́ lọ bí ẹni ń kí “ẹ káàárọ̀” ni. Àánú wọn ṣe mí. Kí ènìyàn máa pa òwe láti àárọ̀ dalẹ́, kí ẹnikẹ́ni má dáhùn!

Ìwọ lo jẹ̀bi, o mọ àṣà wa, o kò sì kọ́ Tonye. Kọ́ ọ báyìí. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí Faruk ṣáájì fóònù, kí ó má kú láàárín ọ̀rọ̀, kí o fi ti tábà Bàbá Adébíyìí kún un, torí mo bẹ̀ ẹ́ títí kó tó gbà láti tún jókòó. Kí Tonye pè lọ́jọ́ Sátidé, kí ó tọrọ gáfárà, kí ó pa èyí tí kò ní sọ ọ́ kalẹ̀ yẹn nìkan, ó tó. Èmi fúnra mi ni n ó dá a lóhùn pé yóò pa òmíràn. Ọmọ ẹni là ń wí bẹ́ẹ̀ fún.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ilé tí o ń lọ tù ọ́ lára.

Bàbá rẹ,
Yísà