Àpótí Tí Màmá Kò Jẹ́ Ká Ṣí

Ìlú Frascati, lórí òkè àjàrà tó kọjú sí Róòmù, ni wọ́n ti bí Màmá wa, Dókítà Fiorenza Mecozzi, lọ́dún 1952. Bàbá wọn, Olóògbé Armando, jẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè. Ìyá wọn, Olóògbé Ersilia, ń ṣe búrẹ́dì tà. Màmá kàwé gboyè ní yunifásítì Róòmù. Lọ́dún 1979, wọ́n fẹ́ Bàbá wa, Settimio Brandolini, àgbẹ̀ àjàrà, tó máa ń sọ pé òun ò mọ ohun tí ìyàwó òun ń wá, àmọ́ òun mọ̀ pé kò tíì rí i.

Ohun tí wọ́n ń wá nìyí. Àwọn èérún kan wà tó kéré ju ohun tí ojú lè rí, tí wọ́n ń túká kéèyàn tó ṣẹ́jú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ìkejì, bí àwòrán rẹ̀ nínú dígí. Ṣé bákan náà gẹ́lẹ́ làwọn méjèèjì ń túká? Bí ìyàtọ̀ tín-ín-rín bá wà níbi tí kò yẹ kó sí, òfin tí ayé dúró lé lórí fẹ́ àtúntò nìyẹn. Ogún ọdún ni Màmá fi ṣọ́ wọn ní ilé ìwádìí tó wà lẹ́yìn oko àjàrà wa.

Màmá kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ. Ohùn wọn ò dáa, síbẹ̀ wọn ò dákẹ́ orin rí. Àwọn ọmọ àdúgbò kọ́ ìṣirò ní kíṣìnì wọn.

Àṣà iṣẹ́ ìwádìí wọn ni láti ti èsì pa mọ́ sínú kọ̀ǹpútà, kí ohun tí ọkàn ń fẹ́ má baà ti ọwọ́ ẹni. Àpótí ni wọ́n ń pè é. Wọn ò gbọ́dọ̀ ṣí i títí wọn yóò fi yẹ gbogbo iṣẹ́ wò tán. Nígbà tí àìsàn dé ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, Nicoletta, tí Màmá kọ́ níṣẹ́, wá bá wọn lórí ibùsùn.

"Dókítà, iṣẹ́ ku díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣí i, kẹ́ ẹ rí i."

Bàbá náà bẹ̀ wọ́n. Màmá yíjú sí Bàbá.

"Settimio, àgbá ọtí tuntun rẹ ńkọ́, o ti ṣí i?"

"Rárá o. Ọjọ́ San Martino tí wọ́n ń ṣí ọtí tuntun ò tíì pé."

"Kí ló wá dé tó o fẹ́ kí n ṣí tèmi? Ẹ fi í lẹ̀. Ibi tí mò ń lọ yìí, èmi ni n ó kọ́kọ́ mọ̀."

A rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wa. Ọjọ́ kẹta sí i ni Màmá sùn nínú Olúwa.

Wọ́n fi ọkọ sílẹ̀, àti àwọn ọmọ, Loredana àti Tullio, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́ta. Lọ́jọ́ San Martino, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kọkànlá, tí àyẹ̀wò iṣẹ́ yóò ti parí, Bàbá yóò ṣí àgbá, Nicoletta yóò ṣí àpótí, nínú ilé wa. Gbogbo yín la pè.

Màmá, ẹ sùn re. Bẹ́ ẹ bá ti mọ̀ ọ́n lọ́hùn-ún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ fún wa lójú àlá.