Àgùntàn Tí O Fi Ránṣẹ́ fún Ìdánwò Wa

                                        Ojúlé Keje, Òpópónà Terek,
                                        Kara-Bulung.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Karùn-ún, ọdún 2024.

Tursunay, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà lókè lọ́hùn-ún? Mairambek ọkọ rẹ ń kọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́ díẹ̀? Ìyá ọkọ rẹ ń kọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá àwọn ewúrẹ́ jà lójoojúmọ́? Àwọn abo ẹṣin ń kọ́, ṣé wàrà ti ń wá, àbí kumis ọdún yìí, wàrà ẹṣin kíkan tí mo fẹ́ràn, yóò tún pẹ́ kó tó kan èmi ará ìlú? Mo kí yín kú òtútù, mo sì kí yín kú ìmúra àtikó lọ sí pápá orí òkè. Ara tèmi le, ọpẹ́ ni. Iṣẹ́ nìkan ni kò jẹ́ kí n rójú. Nẹ́tíwọ̀kì kò dé ọ̀dọ̀ yín, ìdí nìyẹn tí mo fi di ọ̀rọ̀ mi sínú lẹ́tà, tí mo sì fi rán awakọ̀ tó ń kó ìyẹ̀fun bọ̀.

Ọ̀rọ̀ Kubanych ọmọ rẹ ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí o tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ọmọ náà kò yege nínú ìdánwò àṣekágbá, èmi ọ̀rẹ́ rẹ yìí ni mo sì fọwọ́ ara mi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí o bá fẹ́ bínú, kọ́kọ́ jókòó ná, bu tíì, kí o sì kà á dé ìsàlẹ̀.

Lọ́dún yìí, ìgbìmọ̀ tó máa ń yẹ ẹ̀kọ́ yunifásítì wò fẹ́ wá pinnu bóyá ẹ̀ka dókítà ẹran tí mo ti ń kọ́ni ṣì lẹ́tọ̀ọ́ láti máa fún ọmọ ènìyàn ní ìwé ẹ̀rí. Wọ́n ní kí a ṣètò bí a ó ṣe mọ̀ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ ohun tí a kọ́ wọn, kí a dán wọn wò, kí a sì jábọ̀ ohun tí a bá rí. Èmi ni Janybek, Díìnì wa, gbé iṣẹ́ náà fún. Òun kò kà á sí iṣẹ́ rárá. Ìjábọ̀ ọdún tó kọjá ló nà sí mi, ó ní kí n ṣáà yí déètì rẹ̀ padà. Nínú ìjábọ̀ yẹn, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ wa ló mọ gbogbo nǹkan tán. O rántí bí a ṣe ń ṣe ìdánwò nígbà tiwa: wàá mú ìwé pélébé kan lórí tábìlì, wàá ka ohun tí o ti há sórí bí ẹni ń ka àdúrà, wọ́n á fún ọ ní máàkì, ó parí. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣì ń ṣe é.

Mo ní n kò ní yí déètì kankan padà. Ó ti sú mi kí àwọn darandaran máa fi àwọn ọmọ tí a fún ní ìwé ẹ̀rí ṣe ẹlẹ́yà. Ètò tí mo kọ kò sì gùn. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn kọ̀ọ̀kan yóò dojú kọ ẹran kan láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan fún un. Yóò wò ó, yóò fọwọ́ kàn án, yóò sì kọ ohun tó ń ṣe é sílẹ̀. Tí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá bá rí i, a jẹ́ pé a kọ́ wọn dáadáa. Tí wọn kò bá tó bẹ́ẹ̀, àwa olùkọ́ ló kù sí lọ́wọ́ láti tún bí a ṣe ń kọ́ni ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀ ọ́ pé kí o yá mi ní àgùntàn kan. O sì ránṣẹ́ pé ẹran rẹ le bí òkúta, pé bí ọmọ wa kankan bá rí àìsàn lára rẹ̀, kí n gba ìwé ẹ̀rí tèmi náà lọ́wọ́ ara mi.

Ẹran yẹn kò le, ọ̀rẹ́ mi. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni mo ti rí i. Mo ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀, inú rẹ̀ funfun báláú. Abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ wú, ó rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Aràn ẹ̀dọ̀ ni. Ọjọ́ kejì ni ìdánwò, ọmọ rẹ sì wà lára àwọn tó máa ṣe é, ni mo bá pa ẹnu mọ́.

Mẹ́wàá ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà. Mẹ́fà rí àìsàn yìí, mẹ́rin kọ ọ́ pé koko lara ẹran le. Kubanych wà lára àwọn mẹ́rin. Mo tún ìwé rẹ̀ kà lẹ́ẹ̀kejì nítorí n kò gba ojú mi gbọ́. Ọmọ tó dàgbà sáàárín agbo, tó jẹ́ pé bí àgùntàn bá wúkọ́ lẹ́yìn ògiri, yóò sọ èyí tó wúkọ́ fún ọ!

Díìnì ránṣẹ́ pè mí.

“Burulay, mẹ́fà nínú mẹ́wàá? Ṣé o fẹ́ ti ilé ìwé pa ni?”

Mo ní ohun tí a rí nìyẹn.

“Ta ló ní kí o rí i? Sọ ọ́ di mẹ́sàn-án, kí oníkálukú lọ sùn.”

Mo ní n kò ní sọ ọ́ di mẹ́sàn-án. Ló bá rẹ ohùn sílẹ̀.

“Wọ́n ní ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ wà níbẹ̀. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ran ọmọ rẹ lọ́wọ́, jàre.”

“Ẹ̀gbọ́n, ọmọ mi ni lóòótọ́. Ìdí ẹ̀ gan-an nìyẹn tí mi ò fi ní purọ́ fún un.”

Inú bí i. Ó ní ta ló tiẹ̀ sọ fún mi pé nǹkan kan ń ṣe ẹran ọ̀hún, pé bóyá àwọn mẹ́rin yẹn ló gbà á, kó jẹ́ pé èmi ni n kò mọṣẹ́.

Ìgbìmọ̀ dé. Ìwọ náà mọ̀ pé àlejò kì í dé ọ̀dọ̀ wa kí a má pa ẹran. Díìnì kò wá ẹran lọ síbì kan, ó ní kí wọ́n pa àgùntàn ìdánwò, kí Burulay wá fojú ara rẹ̀ rí ẹran tó ní ó ń ṣàìsàn. Fi orí jì mí, wọ́n ti pa á kí n tó gbọ́, màá wá òmíràn fi dí i fún ọ. Gbogbo wa jókòó, à ń retí ẹ̀dọ̀ díndín tó máa ń ṣíwájú oúnjẹ. A mu tíì títí, a jẹ ìyẹ̀fun díndín boorsok títí, ẹ̀dọ̀ kò jáde. Nígbà tó yá, alásè yọjú. “Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú o. Ẹ̀dọ̀ yìí ò ṣeé gbé síwájú èèyàn.” Obìnrin àgbà kan nínú ìgbìmọ̀, tí òun náà jẹ́ dókítà ẹran, ní kí wọ́n gbé e wá kí òun rí i. Ẹ̀dọ̀ náà ti le gbandi, aràn pẹlẹbẹ sì ń yọ jáde níbi tí wọ́n ti fi ọ̀bẹ là á. Ó wo Díìnì, ó wò mí, ó ní kí n gbé ìjábọ̀ mi wá. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n mo fajú ro bí ọmọlúàbí.

Ní ọjọ́ kejì, Kubanych wá bá mi ní ọ́fíìsì. Kò jókòó.

“Tayeje,” ni ó wí. Bí ó ṣe ń pè mí láti kékeré nìyẹn, àfi bíi pé àbúrò rẹ ni mo jẹ́. “Mo rí i lọ́jọ́ náà.”

“O rí kí ni?”

“Aràn ẹ̀dọ̀. Kí n tó fọwọ́ kàn án ni mo ti mọ̀. Ṣùgbọ́n mo rí àmì etí ẹ̀. Ẹran ilé wa ni. Ṣé kí n wá kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo kíláàsì máa sọ pé ìyá mi ò mọ ẹran tọ́jú? Ẹ kúkú mọ màmá.”

“Mo mọ màmá ẹ.”

“Ṣé ẹ ò wá lè kọ ọ́ pé mo mọ̀ ọ́n?”

“Kuban, ohun tó o kọ ni mo rí. Èyí tó o mọ̀ sínú ò lè wo ẹran sàn.”

Ó tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ọ̀rọ̀ mi padà. Èmi náà mọ̀ pé láàárín wa, ẹni tó bá sọ fún èèyàn pé ẹran rẹ̀ ń ṣàìsàn, bíi pé ó bú ọmọ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n dókítà tó bá ń bọ̀wọ̀ fún àmì etí ju ẹran lọ, kí ni yóò wò sàn? A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ìgbà yẹn ni mo rí ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú ètò mi. A kọ́ àwọn ọmọ láti rí àìsàn, a kò kọ́ wọn láti sọ ọ́ lójú ẹni tó ni ẹran.

Kí ìgbìmọ̀ tó lọ, mo kọ ọ́ kún ìjábọ̀ láìdárúkọ ẹnikẹ́ni: a kò dé ibi tí a fojú sùn, àti pé láti ìsinsìnyí lọ, akẹ́kọ̀ọ́ wa kankan kò ní gba ìwé ẹ̀rí àfi tó bá dúró níwájú ẹni tó ni ẹran, tó sọ òtítọ́ fún un ní ọ̀nà tó máa yé e, tó sì sọ ohun tó yẹ kó ṣe. Àṣẹ ọdún márùn-ún ni Díìnì ń retí pé wọ́n máa fún wa. Ọdún kan péré ni wọ́n fún wa. Bí a kò bá tún dé ibẹ̀ nígbà tí òjò dídì bá yọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, wọn yóò ti ẹ̀ka wa. Díìnì kì í dá mi lóhùn mọ́ bí mo bá kí i, ó sì ń sọ ọ́ kiri pé èmi ni mo ba ilé jẹ́. Ó wù ú kí n gbé iṣẹ́ náà jù sílẹ̀. N kò ní gbé e jù sílẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a, màá sì rìn débi tí yóò ti bá a.

Nítorí náà, èmi àti Kubanych ń bọ̀ ní Sátidé. Àwọn mẹ́ta yòókù náà ní agbo tí wọ́n ń lọ. A ó gbé oògùn dání. Yóò yẹ gbogbo agbo rẹ wò, lẹ́yìn náà yóò dúró níwájú rẹ, yóò sọ èyí tó ń ṣàìsàn nínú wọn, ohun tó fà á, àti ibi tí o kò gbọdọ̀ da ẹran lọ mọ́. Mo mọ̀ pé etí odò alábàtà yẹn, níbi tí ẹran ti ń kó aràn náà, ni yóò dárúkọ, mo sì mọ̀ pé bàbá rẹ ló fi ibẹ̀ lé ọ lọ́wọ́. Èmi yóò jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, n kò ní dá sí i. Ìwọ náà má ràn án lọ́wọ́. Tó bá wù ọ́ kí o lejú mọ́ ọn, lejú, ọ̀pọ̀ darandaran ló ṣì máa lejú mọ́ ọn láyé. Ṣùgbọ́n tó bá tìtorí pé ìyá rẹ̀ ni ọ́, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ bo ọ̀rọ̀, màá tún kọ ọ́ pé kò yege.

Bá mi kí Mairambek àti ìyá ọkọ rẹ gan-an. Sọ fún àbúrò rẹ tó bí ìbejì pé ìbọ̀sẹ̀ tí mo hun fún wọn wà nínú ẹrù mi.

Mo mọ̀ pé ó máa dùn ọ́. Ṣùgbọ́n ó tẹ́ mi lọ́rùn kí ọmọ rẹ dójú tì ọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ ní Sátidé, ju kó máa bọ̀wọ̀ fún ọ títí agbo yóò fi tán.

                                        Èmi ni, tìrẹ tí kò ní tàn ọ́,
                                        Burulay.