Wọ́n Ti Dágbére fún Mi, N Kò sì Tíì Lọ

                                        Ilé Ọmọ́tọ́ṣọ́,
                                        Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì,
                                        Òsí,
                                        Ìpínlẹ̀ Kwara.
                                        Ọjọ́ kejìdínlógún, Oṣù Kẹta, 2025.

Ọkọ mi ọ̀wọ́n, Ẹyínfúnjowó,

Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú alẹ́. Èyí tí ó bá bọ́ sí àsìkò tí lẹ́tà yìí bá yín, kí ẹ mú un níbẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú ìmúra ìrìn àjò tí ó wà níwájú yín. Bàbá Pẹ̀lúmi ńkọ́? Ṣé Minna ti ń mọ́ wọn lára? Pẹ̀lúmi fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ikọ́ rẹ̀ ti lọ? Princess mi ńkọ́? Mo mọ̀ pé ó wà dáadáa nítorí ọwọ́ yín ló wà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n béèrè, nítorí bíbéèrè yẹn náà ń tù mí lára.

Màámi wà. Ojú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ṣùgbọ́n etí wọn ń gbọ́ gbogbo ohun tí a kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́. Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kan níbí, àwọn ènìyàn sì ti ń kọ ebè. Mo ti ro ẹ̀gbẹ́ ibojì ẹ̀gbọ́n yín kí koríko tó gba ibẹ̀. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí, síbẹ̀ bí mo bá se ẹ̀wà, n kì í mọ ìgbà tí mo ń bu tiwọn sọ́tọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ẹ bi mí lórí fóònù pé, nígbà tí ẹ bá ń kó lọ bá Bàbá Pẹ̀lúmi ní Minna lẹ́yìn Àjíǹde, ṣé kí ẹ mú Princess dání ni, tàbí kí ẹ fi í sọ́dọ̀ ẹnì kan ní Ìlọrin títí n ó fi dé. Mo dáhùn pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára. Èmi ni n kò dára. Bí mo bá ní kí n sọ̀rọ̀ nígbà náà, ẹkún ni ì bá gbà á lẹ́nu mi, ọmọ náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí, kí awakọ̀ tó ń na Ìlọrin lè mú un bọ̀ pẹ̀lú èlùbọ́ yín.

Ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Látìgbà tí Bàbá Princess ti fẹ́ mi, Ìlọrin ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, Òsí ni èmi ti ń kọ́ ọmọ, òpin ọ̀sẹ̀ ni a fi ń ṣe lọ́kọláya. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n gbọ́ pé ìjọba lè yá tíṣà láti ìjọba ìbílẹ̀ fún iléeṣẹ́ kan ní Ìlọrin tí ó ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìwé kíkà, ètò tí àwọn ará ọ́fíìsì ń pè ní sẹ́kọ́ńdímẹ́ǹtì. Wọ́n kọ ìwé náà, wọ́n ń tì í láti orí tábìlì kan dé òmíràn. Bí mo bá ní ó ti rẹ̀ mí, wọn a ní, "Ìyá Princess, ọjọ́ tí a bá jọ ń jẹun alẹ́ nínú ilé kan náà, wàá gbàgbé rírẹ̀ yìí." Àṣẹ náà jáde lẹ́yìn tí a sin wọ́n. Ìwé tí a fi ń wá pé kí a jọ gbé ilé kan náà, ó dé nígbà tí ilé ti ku èmi nìkan.

Síbẹ̀ mo ní kò burú, Princess wà ní Ìlọrin lọ́dọ̀ yín. N ó lọ bá ọmọ mi. Ibẹ̀ náà sì ni bàbá rẹ̀ fẹ́ kí ó ti kàwé.

Ibi tí a ti ṣi ẹsẹ̀ gbé rèé. Ọ̀gá wa ní ilé-ìwé, Ọ̀gbẹ́ni Májẹ́kódùnmí, gbọ́ lórí fóònù pé wọ́n ti fọwọ́ sí i. Ọ̀sẹ̀ Ìkórè ni. Àwọn ìyá ìjọ ní iṣu wà nílẹ̀, àlejò wà nílẹ̀, kí ló dé tí a ó tún fi dá ìdágbére Susanna ṣe lọ́tọ̀? Ní ọjọ́ Ìkórè náà ni wọ́n mú mi kúnlẹ̀ síwájú pẹpẹ, gbogbo wọn gbọ́wọ́ lé mi lórí. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n fi orin sìn mí dé gáréèjì. Ẹ̀yin náà rí mi nígbà tí mo dé Ìlọrin pẹ̀lú báàgì ńlá, ẹ sì rí mi nígbà tí mo padà. Iléeṣẹ́ ọ̀hún ní àwọn kò lè gbà mí sẹ́nu iṣẹ́ láìjẹ́ pé mo mú ìwé wá pé ọ́fíìsì wa nílé ti tú mi sílẹ̀.

Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni bí ó ti rí fún mi láti ìgbà náà. Ọlọ́kadà tí ó gbé mi wálé lọ́jọ́ náà, Jímọ́ọ̀, ọmọ ilé kejì, wo báàgì mi, ó wo ojú mi, ó ní, "Háà, Ìyá Ó-ti-lọ! Ṣé ẹ gbàgbé nǹkan ni?" Orúkọ náà mọ́ mi lórí. Títí di òní, bí mo bá lọ lọ ata, wọn a ní, "Ìyá Ó-ti-lọ, ẹ káàbọ̀ o." Mo ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ mìíràn wà tí n kì í lè rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ti fi kíláàsì mi fún ọmọdébìnrin kan tí wọ́n gbé wá láti Ìlọrin, Tíṣà Munawwarah. Ọmọ rere ni. Ó fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba kíláàsì yín, ojú ń tì mí." Ọ̀gá wa ló kọ̀. Ó ní ta ni yóò gba kíláàsì? Ẹni tí ìjọ ti gbàdúrà lé lórí, tí a ti fi orin sìn dé gáréèjì? Ṣé kí a wá sọ fún Ọlọ́run pé a ń ṣe eré ni? Nítorí náà mo ń jókòó sí igun yàrá àwa tíṣà. Lọ́jọ́ kan tí àwọn aláyẹ̀wò wá, ọ̀kan béèrè pé Ìyáàfin Ọmọ́tọ́ṣọ́ dà. Ọ̀gá wa ní, "Ó ti lọ sí Ìlọrin, sà." Èmi ni mo gbé omi fún ọkùnrin náà mu.

Mo ti ń lọ sí ọ́fíìsì tí ìwé wa wà títí bàtà mi fi jẹ. Ọ̀gbẹ́ni Olóyèdé tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú, ó máa ń fún mi ní àga. Ó ní, "Màmá, a kò lè tú yín sílẹ̀ láìrí ìwé pé wọ́n ti gbà yín ní Ìlọrin."

Mo ní, "Wọ́n ní àwọn náà kò lè gbà mí láìrí ìwé pé ẹ ti tú mi sílẹ̀."

Ó ní, "Ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ náà ti yé yín nìyẹn."

Mo ní ó yé mi, kí wá ni kí n ṣe? Ó ní kí n ní sùúrù, fáìlì mi wà lójú ọ̀nà. Ọ̀nà tí èmi ń gun ọ̀kadà gbà, tí mo ń dé kí oòrùn tó mú, kí ni fáìlì ń wá lórí rẹ̀ láti ìgbà Ìkórè?

Nígbà tí ó sú mi, mo lọ sí Ìlọ́fà lọ́dọ̀ Bàbá Mìkáílù, tíṣà àtijọ́ tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n yín. Wọ́n yá àwọn náà rí. Wọ́n ní nígbà tí ìwé ìpadàbọ̀ àwọn fi máa jáde, àwọn ọmọ tí àwọn fi sílẹ̀ ní kíláàsì ti ń fa ọmọ tiwọn lọ́wọ́ wá sí ilé-ìwé. A rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Aya Japhet, fáìlì kì í darúgbó o. Àwa là ń darúgbó. Princess náà kò ní dúró bí ó ti wà."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, ṣùgbọ́n n kò lè jáwọ́. Ẹyínfúnjowó, ẹ̀yin ni mo lè sọ èyí fún. Fáìlì yẹn ni iṣẹ́ ìkẹyìn tí ẹ̀gbọ́n yín ṣe fún mi. Bí mo bá rí i lórí tábìlì Olóyèdé, mo ń rí ìkọ̀wé wọn lára ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ń ṣe mí bíi pé ọjọ́ tí mo bá ní n kò lọ mọ́, mo ti sin wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, tí mo sì tún ta ko ìfẹ́ wọn lórí ọmọ. Ohun tí kò jẹ́ kí n jáwọ́ náà nìyẹn, kì í ṣe Ìlọrin.

Lọ́jọ́ Àìkú yìí Princess pè mí fúnra rẹ̀. Kò sunkún. Ó kàn béèrè pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Mọ́mì, bí Àńtí bá lọ, ilé ta ni mo máa wà?" Mo ní n ó pè é padà. Màámi ti gbọ́. Wọ́n wà lórí àga wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kí n sún mọ́ àwọn. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ọmọ mi kò sí nínú fáìlì. Ẹ̀yìnkùlé níbí ni mo sin ín sí. Pe ọmọ rẹ wá sí ulé."

Mo sunkún dáadáa. Nígbà tí mo sunkún tán, mo bọ́jú, mo jẹ iṣu.

Nítorí náà, èsì ìbéèrè yín rèé. Ẹ má ṣe mú un lọ sí Minna, kì í ṣe pé n kò mọ rírì yín. Ẹ má sì fi í sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni dè mí, nítorí n kò bọ̀ mọ́. Ẹ fi í ránṣẹ́ sí mi. Òsí kò ní iná bíi Ìlọrin, ṣùgbọ́n ilé-ìwé wà, ìyá rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Mo ti lọ sọ fún Olóyèdé pé n kò lọ mọ́. Ó ní kò burú, kí n kọ̀wé. Pé ìwé pé n kò lọ mọ́ yóò gba ọ̀nà tí ìwé pé mò ń lọ gbà. Mo kọ ọ́, mo fi sílẹ̀ lórí tábìlì. Kí ó máa rìn. Ní ti Ọ̀gá wa, mo bẹ àwọn ìyá ìjọ kí wọ́n tún gbọ́wọ́ lé mi lórí ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, kí wọ́n gbàdúrà ìkíni-káàbọ̀ fún ẹni tí kò rìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbà. Ọ̀gá ní bí wọ́n bá ti ṣe é, òun yóò pín kíláàsì náà sí méjì láàárín èmi àti Munawwarah.

Ẹ bá mi kí Bàbá Pẹ̀lúmi, ẹ gbá Pẹ̀lúmi mọ́ra fún mi. Màámi ní kí ẹ má gbàgbé òògùn ojú wọn. Lọ́jọ́ tí ilé-ìwé Princess bá ti gba ìsinmi, ẹ gbé Princess jókòó sí iwájú ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ẹ pè mí bí wọ́n bá ti gbéra. N ó ti wà ní gáréèjì kí wọ́n tó jáde ní Ìlọrin. Dídúró ti mọ́ mi lára báyìí. Ẹ jẹ́ kí n dúró de ẹni tí ń bọ̀ ní tòótọ́.

Èmi ni ìyàwó yín tí kò lọ síbì kankan,

Susanna Ọmọ́tọ́ṣọ́
(Ìyá Princess)