Ọkọ̀ Tí Mi Ò Ní Ni Màmá Fẹ́ Kọ́kọ́ Rí

Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, mo kí ọ o. Ìwọ irin kékeré tí kò gùn ju ìka lọ, tó ń sọ ẹni kúkúrú di gíga. Ìwọ tó ń kọ́kọ́ jókòó kí olówó rẹ tó jókòó. Ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu, bí o bá ti wà níwájú rẹ̀, wọ́n á ní kó wá dá sí ọ̀rọ̀. Nínú ìpàdé ọmọ ìlú wa níhìn-ín ní ìlú Douala, tí a máa ń ṣe ní àdúgbò New-Bell ní ọjọ́ Àìkú tó bá parí oṣù, tábìlì gígùn kan wà níwájú. Ẹni tó bá gun bẹ́ńsíkìn wá, ìyẹn ọ̀kadà tibí, á rọra wọlé, á gbọn eruku ara rẹ̀ nù, á jókòó sẹ́yìn. Ẹni tó bá wa ọkọ̀ wá á rìn dé iwájú, á ju kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì, gbàgà, á wá máa wo òrùlé bí ẹni tí kò mọ̀ pé gbogbo wa ti gbọ́. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi jókòó sẹ́yìn níbẹ̀, tí mò ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Mo kàwé dé yunifásítì, mo sì gbà pé ohun tí wọ́n kọ́ mi níbẹ̀ náà nìyẹn, kí n máa fi ẹ̀rín wẹ́wẹ́ tú àṣírí ẹni tó ń ṣe fọ́ńté.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ojúewé yìí, ẹ fi ti ẹnu mi sílẹ̀, ọ̀ràn ló wà lọ́rùn mi. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni mo ní láti fi ọkọ̀ mi gbé ìyá arúgbó kan lọ sílé ìwòsàn. Mi ò sì ní ọkọ̀.

Mo ti ní rí o, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni, kò tilẹ̀ dé ìpàdé rí. Ọdún méjì sẹ́yìn ló kú sí oríta Ndokoti, nínú òjò, láàárín takisí bí ọgọ́rùn-ún, tí àwọn awakọ̀ ń fi Faransé bú èmi, tí wọ́n ń fi Píjìn bú ìyá mi. Àwọn tó ń ra irin àlòkù ni mo tà á fún. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi ò ti balẹ̀ mọ́... èwo ni kí n rà tẹ̀ lé e? Ọjọ́ Ajé, mo ti pinnu, ọkọ̀ kékeré ni, nítorí ojú ọ̀nà há. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun òjò á rọ̀, omi á dé orúnkún, mo ti yí i padà sí jíìpù. Lọ́jọ́rú mo máa rántí pé léèsì ni mò ń tà ní ọjà Marché Congo, ẹrù pọ̀, ẹ jẹ́ kó jẹ́ èyí tó ní ẹ̀yìn gbọọrọ... kó tó di ìrọ̀lẹ́ mo ti ń bi ara mi pé báwo ni ìyàwó mi ṣe máa gun ẹ̀yìn gbọọrọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ìró lára? Dúdú ni àbí funfun? Dúdú ń fi eruku hàn, funfun ń fi ẹrẹ̀ hàn. A lè jẹ́ mẹ́rin lẹ́yìn takisí, kí ìgbọ̀nwọ́ ẹlòmíràn wà ní ìhà mi, kí adìẹ ẹlòmíràn wà lẹ́sẹ̀ mi, èmi á máa bá ara mi jà lórí bóyá síìtì aláwọ ló dáa tàbí aláṣọ. Ìyàwó mi bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ni mò ń rò. Mo ní ọjà ni. Ó ní ọjà wo ló ń mú kí ènìyàn máa fi ẹsẹ̀ tẹ búréèkì lábẹ́ tábìlì oúnjẹ?

Ní gbogbo Sátidé, mo máa ń lọ sí ọgbà kan lọ́nà Bonabéri tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀. Ẹni tó ń tà á ti mọ̀ mí, patron, ìyẹn ọ̀gá, ló ń pè mí, kò sì bi mí rí pé ìgbà wo ni mo máa rà. Jíìpù aláwọ̀ eérú kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn. Màá wọ inú rẹ̀, màá tún dígí ṣe, màá fa síìtì síwájú, màá dì sítíárìn mú, màá jókòó bẹ́ẹ̀... ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ogún ìṣẹ́jú. Ọkùnrin náà tilẹ̀ fún mi ní awọ tí wọ́n ń so kọ́kọ́rọ́ mọ́, tó ní àmì jíìpù náà lára, ó ní kó lè yá mi lára.

Ibẹ̀ ni mo jókòó sí lọ́jọ́ tí Bàbá Alága ẹgbẹ́ wa wọlé. Alhájì ni, àgbà ni, ó wá wá ọkọ̀ fún àna rẹ̀ ni. Ó rí mi nídìí sítíárìn. Kò béèrè ohun kankan, kò jẹ́ kí n sọ̀kalẹ̀. Ó tún fìlà rẹ̀ dé dáadáa, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà. Ó ní ọkọ̀ yìí ò ní mu ẹ̀jẹ̀. Ó ní màá fi gbé ìyàwó, màá fi gbé ọmọ, màá fi gbé àlejò ire. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe? Ta ni wọ́n tọ́ dáadáa nílé tó máa ní kí àgbà dákẹ́ àdúrà? Ta ló lè gbọ́ pé ọkọ̀ ò ní mu ẹ̀jẹ̀, kó wá ní rárá? Mo ṣe Àmín. Ìgbà àkọ́kọ́, ohùn mi kéré. Nígbà tó máa fi di ìkarùn-ún, ẹ̀yin náà ì bá rò pé ọkọ̀ mi ni.

Bó ṣe di ọ̀rọ̀ ìpàdé nìyẹn. Àṣà kan wà nínú ẹgbẹ́ wa, bóyá òun nìkan ló dáa jù nínú gbogbo àṣà wa: ẹni tó bá ti ní ọkọ̀, arúgbó kan máa ń bọ́ sí i lọ́wọ́, òun ni yóò máa gbé e lọ síbi tó bá ṣe pàtàkì. Bàbá Alága dìde, ó kéde mi, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì fi Màmá Alálùbọ́sà fún mi. Ìyá yìí ta àlùbọ́sà ní ọjà Sandaga títí ojú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Douala pẹ̀lú sátífíkéètì tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, yàrá rẹ̀ ni mo sùn fún oṣù méje, kò sì bi mí rí pé ìgbà wo ni mò ń lọ. Ní báyìí, awọ funfun ti bo ojú rẹ̀ méjèèjì, òjìji ènìyàn nìkan ló ń rí. Ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó fún un ní ọjọ́ tí wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ọjọ́bọ̀ yìí ni. Ọkọ ọmọ rẹ̀ fẹ́ ti Yaoundé wa ọkọ̀ wá gbé e. Màmá ní kó má ṣe ìyọnu, ọmọ òun, ìyẹn èmi, ti ra ọkọ̀.

Mo lọ kí i kí n lè jẹ́wọ́. Mo búra fún yín, ìdí tí mo fi lọ nìyẹn. Kí n tó la ẹnu, ó ti gbé tìmùtìmù kan lé mi lẹ́sẹ̀, ó ní òun ní kí aránṣọ rán an, kí òun má baà fi aṣọ ọjà ba síìtì mi jẹ́. Ó wá di ọwọ́ mi mú.

“Ọmọ mi, tí wọ́n bá ṣí ojú náà, má jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí nọ́ọ̀sì. Ọkọ̀ rẹ ni kí n kọ́kọ́ rí.”

Mo ní Àmín.

Ìyàwó mi ti gbọ́. Wọ́n kí i kú oríire ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì dáhùn pé ẹ ṣé, kò tú mi fó. Ilé ló ti ń fìyà jẹ mí. Lánàá, ó gbé oúnjẹ síwájú mi, ó ní, “Ẹ rọra jẹun o, kí ọbẹ̀ má ta sí síìtì.”

Èrò burúkú kan ń wá sí mi lọ́kàn, ẹ ò gbọdọ̀ bú mi. Màmá ò ríran. Bí mo bá háyà takisí, tí mo ní kí awakọ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má sọ̀rọ̀, kí èmi wà á, báwo ló ṣe máa mọ̀? Àlọ rọrùn. Àbọ̀ ńkọ́? Ìyá tí ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ là, ṣé takisí aláwọ̀ òféèfèé, tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára, ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ rí? Mo tún rò ó pé kí n bẹ ọkùnrin ọgbà yẹn kó yá mi ní jíìpù eléérú fún ọjọ́ kan. Mo débẹ̀ láàárọ̀ òní. Wọ́n ti tà á. Ojú epo tó jò sílẹ̀ nìkan ló kù. Mo dúró tì í... àfi bí mo ṣe rí búlúù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ará, mo ti wọ inú rẹ̀, mo ti ń tún dígí ṣe, kí n tó rántí ohun tó gbé mi wá.

Kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n lọ bá Màmá lónìí, kí n sọ fún un, kí ọkọ ọmọ rẹ̀ lè tètè múra? Ṣé ojú tí kò ríran náà kọ́ ni ó máa fi wò mí? Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ bá Bàbá Alága? Àbí kí n gbé e ní takisí, kí n jẹ́wọ́ lójú ọ̀nà, níbi tí kò ti lè sọ̀kalẹ̀? Ọjọ́ mẹ́ta ló kù.

Ẹ̀yin kan á ní kì í ṣe ẹ̀bi mi, pé àdúrà ni mo gbà, pé Bàbá Alága ló rò ó bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó gbà mí níyànjú. Lọ́jọ́ ìpàdé yẹn, nígbà tí wọ́n pàtẹ́wọ́ tán, gbogbo ojú wà lára mi, ó rọrùn láti sọ pé ẹ gbọ́ mi ná. Mo dìde látẹ̀yìn. Mo yọ kọ́kọ́rọ́ àgádágodo ṣọ́ọ̀bù mi jáde, tí mo ti so mọ́ awọ alámì jíìpù yẹn láti ilé. Mo rìn dé iwájú, mo jù ú sórí tábìlì, mo sì gbójú sókè, mò ń wo òrùlé.